Bọ́tìnnì Tí Kò Gbọ́ Ìpè Aboyún

Dúró ná, ará mi. Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Bùsúyì àti Mórẹ̀nikẹ́ aya rẹ̀ ló ń ṣe ojú ìwé ayélujára fún ilé àgbẹ̀bí ìjọ wa. Aboyún tí ìrọbí bá mú yóò kàn tẹ bọ́tìnnì kan lórí fóònù, ọkọ̀ ìjọ yóò sì lọ gbé e.

"Bàbá Tẹ̀mi, buráwúsà tó ń ṣí ojú ìwé nínú fóònù ní etí tirẹ̀," Mórẹ̀nikẹ́ wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ sọ fún un kó máa gbọ́ bọ́tìnnì náà, ó parí."

"Ta ló tún ń fọwọ́ kọ ìyẹn?" Bùsúyì dáhùn. "Láíbìrì kọ̀ǹpútà ni màá lò. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, èmi á kàn pè é ni."

"Láíbìrì dára fún iṣẹ́ ńlá. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo lèyí, orí ẹ̀rọ òkèèrè sì ni láíbìrì ń gbé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oko ò bá gbé e dé ńkọ́?"

"Lágbára Ọlọ́run, á dé."

Bùsúyì dán an wò lórí fóònù tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Kò rántí pé láíbìrì náà ti wà nínú fóònù yẹn tipẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ya iṣẹ́ náà sí mímọ́, awakọ̀ jókòó sábẹ́ máńgòrò, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bùsúyì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Ẹ yin Olúwa, kò sí aboyún kankan tó ń pè wá."

Kò tíì panu dé tí ẹkún ọmọ tuntun fi sọ lẹ́nu géètì. Ìyá Àgbẹ̀bí tó wà nínú yàrá ló kọ́kọ́ sáré jáde. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé aboyún kan, Fẹ́yìíṣará, wá láti abà, ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló bímọ sí. Ìyá ọkọ rẹ̀ na fóònù sí Bùsúyì.

"Bọ́tìnnì yín rèé, bùrọ̀dá. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń wò mí bí àna tó ń bínú."

Bọ́tìnnì yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láíbìrì tí ì bá gbọ́ fún un ṣì wà lọ́nà.

Ìyá Àgbẹ̀bí fi aṣọ wé ọmọ náà. "Tìyá tọmọ, àlàáfíà ni wọ́n wà, ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Bùsúyì ọmọ mi, ká ní Ìbàdàn ni etí tèmi wà ńkọ́?"

Bùsúyì yọ láíbìrì náà kúrò, ó fa gbígbọ́ lé buráwúsà lọ́wọ́. Nígbà tí aboyún mìíràn tẹ bọ́tìnnì láti abà kan náà, awakọ̀ dìde kíá.

"Ọkọ̀ ti lọ gbé e o, Bàbá Tẹ̀mi," ni Mórẹ̀nikẹ́ wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ìjọ wa ti ń pa á lówe pé etí tó wà nílé ni í kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún ọmọ. Ìwọ tó ń ránṣẹ́ sókèèrè nítorí ohun tí Ẹlẹ́dàá ti fi sílé rẹ, jọ̀wọ́, yí padà lónìí.