Ìjàpá Onípààrọ̀ Owó Orí Afárá

Ẹ gbàlọ́ o!

Àlọ́ yá!

Mo dé àárín afárá, mo bá ẹnì kan níbẹ̀. Ó ru ìwé sẹ́yìn, kò lè kà á. Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a kà á. Ta ni o?

Ìjàpá ni!

Ẹ ò tíì gbọ́ ìdí ẹ̀, ẹ ti ń pariwo orúkọ ẹni ẹlẹ́ni. Kò burú, òun náà ni. Ẹ sún mọ́ mi.

Odò kan wà láàárín ìlú méjì. Nílùú ọba Erin, ẹyọ ni wọ́n ń ná. Nílùú ọba Ọ̀nì tó wà ní òdìkejì, ìkarahun ìgbín ni wọ́n ń ná. Afárá onígi kan ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Ìjàpá jókòó sí àárín rẹ̀, ó ń bá àwọn tó ń lọ sọ́jà pààrọ̀ owó. Láti ayé baba ńlá wọn, ẹyọ kan, ìkarahun kan. Bí Ìjàpá bá pààrọ̀ ogún, á mú ẹyọ kan fún wàhálà rẹ̀. Ó ń jẹun yó. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ rí pé Ìjàpá yó tó sì dìde nídìí àwo?

Èèwọ̀ kan sì wà níbẹ̀. Torí pé igi afárá náà tẹ́ẹ́rẹ́, ará ìlú Ọ̀nì ló ń gorí rẹ̀ láàárọ̀, ará ìlú Erin ló ń gorí rẹ̀ lọ́sàn-án. Wọn kì í pàdé níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ owó. Ibi tí Ìjàpá ti rí ọ̀nà nìyẹn.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ó sọ fún ará ìlú Ọ̀nì láàárọ̀ pé, "Ẹyọ ti wọ́n. Ìkarahun méjì, ẹyọ kan." Nígbà tó dọ̀sán, ó sọ fún ará ìlú Erin pé, "Ìkarahun ti wọ́n. Ẹyọ méjì, ìkarahun kan." Lọ́jà tó tẹ̀ lé e, ó di márùn-ún. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti di mẹ́wàá. Ó wá ń kọrin:

Ẹyọ wọ́n o, jáńjálá.
Ìkarahun wọ́n o, jáńjálá.
Ẹni tó bá kọ̀, kó fo odò, jáńjálá!

Opó kan wà nílùú Ọ̀nì, Ọ̀yà lorúkọ rẹ̀. Láti ẹ̀ẹ̀rùn ló ti ń tọ́jú ìkarahun ogójì, torí ogójì ẹyọ ni wọ́n ń ta èbù iṣu nílùú Erin. Ebè ti wà ní kíkọ. Bí kò bá gbin èbù náà lọ́sẹ̀ yẹn, ebi ni yóò pa òun àti ọmọ rẹ̀ mẹ́fà títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ìjàpá ka ẹyọ mẹ́rin lé e lọ́wọ́.

"Mẹ́rin kẹ̀? Ọkọ Yánníbo, ẹ tún un kà."

"Mo kà á dáadáa, ìyá Ọ̀yà. Bí ọjà ṣe wí nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo ń dá a sọ."

"Níbo ni ọjà ọ̀hún ń gbé? Kí n lọ bá a nílé."

"Ẹ yáa kọjá. Àwọn èèyàn ti kún ẹ̀yìn yín."

Ọ̀yà gba ìkarahun rẹ̀ padà. Kò lè lọ wojú ọmọ lọ́wọ́ òfo. Ó wọ abẹ́ afárá, ó jókòó sáàárín eèsún, ó ń sunkún, ó sì ń jẹ eèsún. Ẹ ṣáà mọ Ọ̀yà.

Nígbà tó dọ̀sán, ó gbọ́ ohùn Ìjàpá lókè, tó ń bá Òkété, oníṣu ará ìlú Erin, sọ̀rọ̀: "Òkété, ìkarahun ti wọ́n. Ẹyọ mẹ́wàá, ìkarahun kan."

Ọ̀yà tu eèsún ẹnu rẹ̀ dànù. Ìkarahun wọ́n? Èyí tó fojú tẹ́ńbẹ́lú láàárọ̀ ńkọ́?

Ó fọhùn nísàlẹ̀: "Òkété! Ẹyọ mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ogójì ni!"

"Má fún un. Sáré kọjá, kó o sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi."

Wọ́n kà á lórí iyanrìn, márùn-ún márùn-ún. Ẹyọ kan, ìkarahun kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, èbù Ọ̀yà ti wọlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, abẹ́ afárá ni gbogbo wọn ti ń pààrọ̀ owó. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á gorí afárá, wọ́n á dá Ìjàpá kọjá bíi kùkùté.

Ebi dé. Ìjàpá wọ́ àpò ẹyọ lọ sí ìsọ̀ Òkété. Ẹyọ méjì ni iṣu kan. Ó na méjì sí i.

"Rárá o," Òkété wí. "Ẹyọ orí afárá nìyí. Mẹ́wàá yín, ẹyọ kan tiwa."

"Ṣebí ẹyọ ni ẹyọ!"

"Bí ọjà ṣe wí nìyẹn, ọkọ Yánníbo. Èmi kọ́ ni mo ń dá a sọ."

Ó kó ìkarahun lọ sílùú Ọ̀nì, ọ̀rọ̀ kan náà ló bá níbẹ̀. Kí oṣù tó pé, àpò méjèèjì ti gbẹ. Ẹ wá wo ojú líle: ó lọ fẹjọ́ sun ọba méjèèjì pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ!

Erin bi í pé, "Kò burú. Ẹyọ kan, ìkarahun mélòó ni, lọ́jà tó kọjá?"

Ìjàpá họrí. "Kábíyèsí, ṣé èyí tí mo sọ láàárọ̀ ni, àbí tọ̀sán?"

Ẹ̀rín pa gbogbo àgbàlá. Ọ̀yà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọ̀nì ní, "Ẹni tó máa ń gbàgbé, ẹ jẹ́ ká bá a kọ ọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní í tó láti pa á rẹ́." Ó fi eyín rẹ̀ fa ìlà sẹ́yìn Ìjàpá. Bí Ìjàpá bá tún yí iye owó padà lọ́jà mìíràn, wọ́n á tún fa òmíràn yí i ká.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi kún fún ìlà. Ẹ gbé e wò lọ́la. Èyí tó kéré jù, tó wà láàárín, òun ni ẹyọ kan, ìkarahun kan. Gbogbo èyí tó yí i ká, ti Ìjàpá ọ̀gá yín ni.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ lé e, kí ẹnu mi dákẹ́. Bí n kò bá purọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!