Arìnmárẹ̀, Ẹ̀rọ Tí Ọ̀bọ Ṣe

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ọ̀bọ ṣe ẹ̀rọ kan tó ń rìn fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì rì sínú iyanrìn."

Bàbá Láníhún ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Wọ́n sún mọ́ ọn. Ó ní àlọ́ òun yí gbirigbiri, ó yí títí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀bọ, gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú àwọn ẹranko.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Gbogbo kànga gbẹ táútáú. Omi kan ṣoṣo tó kù wà nísàlẹ̀ òkè. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ yóò rin iyanrìn, yóò rin ẹrẹ̀, yóò gun àpáta. Pàkúté sì ti ṣẹ́ Ìyá Òkété lẹ́sẹ̀. Kò lè lọ pọnmi. Ìrì orí ewé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń lá.

Ọ̀bọ wá bá a. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo lè ṣe ohun tí yóò máa pọnmi fún yín. Kì í jẹun, kì í sùn, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í ráhùn."

"Ìwọ tí o fẹ́ ṣe é ńkọ́?"

"Èmi ni n ó máa bá a jẹun. Ẹ̀pà tó wà nínú abà yín ti tó mi."

Ọ̀bọ gbẹ́ pákó pẹlẹbẹ, ó fi ṣe àyà ẹ̀rọ náà. Ó so ẹsẹ̀ róbótó méjì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi ọ̀kan kékeré síwájú. Ó wé okùn mọ́ igi inú rẹ̀. Bí okùn bá ń tú, ẹsẹ̀ a máa yí. Ó sọ ọ́ ní Arìnmárẹ̀.

Ṣùbúọlá, ọmọ-ọmọ Bàbá Láníhún, dá a dúró. "Bàbá, báwo ló ṣe ń yà kọ́nà?"

"O ṣeun tí o bi mí. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá dúró, tí tòsì ń yí, ó yà sí ọ̀tún. Bí tòsì bá dúró, ó yà sí òsì. Kékeré iwájú yẹn kàn ń tẹ̀ lé wọn ni, bí àlejò tí kò mọ̀nà. Orin ló sì ń sọ ibi tí yóò gbà fún un. Ẹ bá mi gbè é."

*Arìnmárẹ̀, máa yí lọ,*
Gbirigbiri, yí o!
*Ẹsẹ̀ ọ̀tún, má dúró,*
Gbirigbiri, yí o!
*Omi ń bẹ nísàlẹ̀ òkè,*
Gbirigbiri, yí o!
*Ọmọ Òkété ń pòǹgbẹ,*
Gbirigbiri, yí o!

Inú àgbàlá Ìyá Òkété ni Ọ̀bọ ti dán an wò. Bóto, ìgbẹ́ màlúù, ni wọ́n fi pa ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń dán bí awo. Arìnmárẹ̀ yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó yípo ìkòkò, kò fara kàn án. Àwọn ẹranko hó yèè. Ìyá Òkété ṣí ilẹ̀kùn abà fún Ọ̀bọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀bọ gbé ìkòkò lé ẹ̀rọ, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n dé iyanrìn. Ẹsẹ̀ róbótó náà tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ń yí, wọ́n ń yí, kòtò ni wọ́n ń gbẹ́ fún ara wọn. Arìnmárẹ̀ rì dé àyà, ó dúró gbagidi.

Ọ̀bọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rántí ẹ̀pà. Ó gbé ẹ̀rọ karí, ó gbé ìkòkò lé ẹ̀rọ, ó lọ pọnmi. Nígbà tó padà dé etí ìlú, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wé okùn, ó gbé orin. Arìnmárẹ̀ yí wọ àgbàlá wẹ́rẹ́.

"Ẹ̀rọ mà dé o!"

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn ń dùn ún, omi tó ń rù wálé sì ń dín kù. Ìkòkò tó ń kún dẹ́nu di ìlàjì, ó di ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àbíkẹ́yìn Òkété ń sunkún, omijé kò jáde.

Ìyá Òkété ní, "Ọ̀bọ, báwo ló tilẹ̀ ṣe ń rin iyanrìn yẹn?"

"Àṣírí iṣẹ́ ni, ìyá."

"N ò bá ọ jà o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí Ọ̀bọ ti lọ, ó mú ọ̀pá, ó ń tiro tẹ̀ lé ipa ẹ̀rọ: ipa méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Ní etí iyanrìn, ipa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòórá. Ẹsẹ̀ Ọ̀bọ nìkan ló kù nílẹ̀, ó rì wọlé bí ẹsẹ̀ aláàárù. Ìyá Òkété jókòó sẹ́yìn igbó.

Kò pẹ́, ó gbọ́ ohùn kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

*Arìn... márẹ̀... máa yí lọ...*

Ìyá Òkété gbè é: "Gbirigbiri, yí o!"

Ọ̀bọ rò pé gbohùngbohùn òkè ni.

*Omi ń bẹ... nísàlẹ̀ òkè...*

"Gbirigbiri, yí o! Ọ̀bọ, ta ló ń rìn, ta ni wọ́n rù?"

Ọ̀bọ fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ìkòkò wà lórí rẹ̀. Kò lè sá, kò lè jókòó.

"Ìyá, ó... ó ń sinmi ni."

"Ṣebí ìwọ lo ní kì í rẹ̀ ẹ́? N ò ní lù ọ́. Ẹ̀pà tí o jẹ, o ti jẹ ẹ́. Ìwọ ni yóò máa pọnmi fún àwọn ọmọ mi, kíkún dẹ́nu, títí ẹ̀rọ rẹ yóò fi lè pọn ọ́n."

Ìgbà yẹn ni Ọ̀bọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ó bi Pẹ́pẹ́yẹ bó ṣe ń rin ilẹ̀ rírọ̀ tí kì í rì. Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Wo ẹsẹ̀ mi, ó fẹ̀." Ọ̀bọ gbẹ́ ẹsẹ̀ róbótó tó fẹ̀, Arìnmárẹ̀ kọjá iyanrìn. Ní ẹrẹ̀, ó tún ń yọ̀. Ó bi Ọ̀kùn. Ọ̀kùn ní, "Èmi kì í gbé ẹrù mi lé ẹsẹ̀ kan. Mo pín in kárí." Ọ̀bọ so pákó wẹ́wẹ́ pọ̀ bí ọ̀já, ó fi wé ẹsẹ̀ iwájú mọ́ tẹ̀yìn. Arìnmárẹ̀ rá kọjá ẹrẹ̀.

Ṣùbúọlá ní, "Àpáta ńkọ́, Bàbá?"

"Ewúrẹ́ ló yẹ kó bi. Ewúrẹ́ sì ní kó kọ́kọ́ mú ẹ̀pà wá."

Bàbá Láníhún ní ibí ni okùn àlọ́ òun tú dé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí a má fi ilẹ̀ àgbàlá dán ohun tí yóò rin ọ̀nà odò wò. Ẹni tó bá sì fi irọ́ bo àbùkù iṣẹ́ rẹ̀, orí ara rẹ̀ ni yóò fi rù ú.

Arìnmárẹ̀ kò tíì gun àpáta. Ọ̀bọ ṣì ń pọnmi.