Ìwé Tí Wọ́n Lẹ̀ Lódì

Ayàwòrán kan wà ní ilẹ̀ Jàpáánù láyé àtijọ́, tí ó mọ ogun yà ju ẹni tó jà á lọ. Bí ó bá ya sàmúráì, ìyẹn jagunjagun ilẹ̀ wọn, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sẹ́yìn fún idà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Orí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ìlà rẹ̀ ń hàn lójú méjèèjì, ni ó ń yà á sí. Agbẹ́gilére á wá da ojú ìwé náà dé pákó, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ tòun tìwé. Pákó yìí ni wọ́n ń fi tàdáwà pa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé mìíràn. Ohun tó bá wà lápá òsì pákó, apá ọ̀tún ni yóò bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dojú rẹ̀ dé.

Ìjòyè ńlá kan ní kí wọ́n ya ogun tí baba òun ṣẹ́. Baba náà ṣì wà láàyè, àmọ́ àìsàn ti dá a gúnlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ayàwòrán àti agbẹ́gi jà lórí ẹni tí ará ìlú ń yìn nínú àwọn méjèèjì. Agbẹ́gi jókòó tìbínú-tìbínú, ó lẹ ìwé mọ́ pákó, ó kọjú rẹ̀ sókè.

Ayàwòrán ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó rí i. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, idà á bọ́ sọ́wọ́ òsì, aṣọ baba ìjòyè á sì fi apá ọ̀tún lé òsì. Òkú nìkan ni wọ́n ń wọ aṣọ fún bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wọn. Ọ̀bẹ kò sì tíì kan igi.

"Ṣebí ó ní òun ló ń gbé mi ga," ó sọ nínú ara rẹ̀. "Kí ó tẹ́."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára pákó, kò sì sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, ìránṣẹ́ ìjòyè ti ń pààrà ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹni tó ráyè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìjòyè tú u wò, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ta ló wọ baba mi láṣọ òkú?"

Agbẹ́gi dọ̀bálẹ̀. "Olúwa mi, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ lódì."

"Orúkọ rẹ dà níbẹ̀?"

Kò sí. Orúkọ ayàwòrán ni àṣà wọn gbà sára àwòrán. Ó ti yí bí idà ṣe yí, àmọ́ ó ṣeé kà. Wọ́n kó ọwọ́ ayàwòrán sínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Agbẹ́gi ń sunkún tẹ̀lé wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò rí i ni?"



Ìwọ náà wá jókòó síwájú mi, ò ń jẹun, ò ń rẹ́rìn-ín pé àbúrò rẹ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé baba yín sójú ọ̀nà àgbàrá, pé o rí i, o dákẹ́, torí ẹ ò kí ara yín. Inú ń bí mi sí ọ. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìdí. Bí ilé náà bá wó, orúkọ ta ni wọ́n á fi pe àlàpà rẹ̀? Wọn ò tíì da kankéré. Fi oúnjẹ yẹn sílẹ̀, dìde, lọ bá a.