Oògùn Ẹ́ńjìnnì àti Tòmátì Ìyá Ìyàwó Mi

"A kì í fi oògùn dípò ìwẹ̀." Ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe yìí ní gáréèjì wa lójoojúmọ́, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ ò mọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan nígbà náà, tí mo fi ń kó irè oko láti Ìgbòho lọ sí Ìbàdàn. Odindi ọdún kan, n kò pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bó bá ti dín, màá kàn bu díẹ̀ kún un. Kílàní, mẹkáníìkì mi, kìlọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ni ọkùnrin kan bá gbé oògùn inú ìgò wá sí gáréèjì, ó ní bí a bá dà á sínú ọ́ìlì, yóò fọ ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní. Mo rà á. Èmi ọlọ́gbọ́n!

Kílàní wo ìgò náà. "Ọ̀gá, ọkọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú lè lò ó, bí kò tiẹ̀ ṣe é lóore, kò ní pa á lára. Tiyín yìí ńkọ́? Ìdọ̀tí inú rẹ̀ ti ki bí ẹrẹ̀. Bí oògùn bá tú u, ibo ni yóò gbà? Ẹ jẹ́ ká tú ọ́ìlì yìí dànù ná."

"Lọ jókòó jàre," mo dá a lóhùn. "Iṣẹ́ lo ń wá." Mo da oògùn sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ìyàwó mi kó gbogbo tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn wọn jáde láti lọ tà ní Ìbàdàn, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Ìjì ti ṣí òrùlé wọn, tòmátì yìí ni wọ́n sì gbójú lé láti fi kan òmíràn kí òjò tó dé. Ọkọ̀ mìíràn ti wà nílẹ̀ tí yóò gbé e. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí n gbé e, pé ẹ́ńjìnnì mi ti lo oògùn. Wọ́n gbà, wọ́n jókòó tì mí níwájú ọkọ̀.

A ò tíì dé Ìsẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan kò-kò-kò, ó sì kú pátápátá. Nígbà tí Kílàní fi máa dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì, tòmátì ti ń ṣomi nínú oòrùn. Ó tú abẹ́ ẹ́ńjìnnì: ìdọ̀tí tí oògùn hú ti dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ẹ́ńjìnnì ti jóná.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. N kò lè wo ojú àna mi. Wọ́n béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ọkọ Mojírádé, ìgbà wo lo ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Mo sọ òótọ́. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Háà! A kì í fi oògùn dípò ìwẹ̀, ọmọ mi. Dìde."

Nígbà tí àwọn ará ilé béèrè ọjà, àna mi ní oòrùn ló bà á jẹ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ni wọ́n sùn ní gbogbo òjò ọdún yẹn, wọn ò sì dárúkọ mi. Ì bá tiẹ̀ sàn kí wọ́n bú mi níwájú gbogbo ìlú! Kílàní ló gbé òwe wọn yìí dé gáréèjì, òun náà kò dárúkọ mi.

Ẹni tó pa ojúṣe ojoojúmọ́ tì, tó wá ń wá ohun tí yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí. Èmi ni wọ́n sì ń bá wí láìmọ̀ títí dòní. Ìyá náà ti kú. Ọdọọdún ni mo ń ra aṣọ tuntun fún Mojírádé, n kò sì tíì sọ fún un pé kì í ṣe oòrùn ló ba tòmátì ìyá rẹ̀ jẹ́.