Awakọ̀ Tó Kọjá Òpó

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí òkè pọ̀ sí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wa ọkọ̀ ńlá tó ń ti yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Irin fífẹ̀ kan wà níwájú ọkọ̀ náà. Bí ó bá sọ irin náà kalẹ̀, tó sì wakọ̀, yìnyín á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà á sì là. Ọdún méjìlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, kò sì ko ọ̀gá lójú rí.

Ìgbìmọ̀ àgbègbè ló gbà á síṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ pín orílẹ̀-èdè wọn sí àgbègbè bí ọgọ́rùn-ún, ìgbìmọ̀ kan sì ń bójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń tún títì ṣe láti ìlú kan sí èkejì. Òun ló ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun náà ló ń rán olùtọ́jú sílé àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Méjì méjì ni wọ́n ń dìbò yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sínú rẹ̀, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọn kò ka òun kún. Ètò tó dára ni, ẹnikẹ́ni má ṣe bú u.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Títì ìgbìmọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà abúlé. Níbi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀. Awakọ̀ tó bá dé ìdí òpó náà gbọ́dọ̀ gbé irin rẹ̀ sókè, kí ó sì yí ọkọ̀ padà. Ohun tó kù di ti olórí abúlé. Abúlé tí à ń wí yìí sì rèé, katakata kan ṣoṣo ló ní, katakata náà sì ti kú láti ọdún mẹ́ta.

Lókè abúlé náà, lẹ́yìn òpó, ni Màdáàmù Selẹsitíìnì ń gbé, ìyá arúgbó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè dá wẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń rán obìnrin olùtọ́jú kan sí i, tí á wẹ̀ ẹ́, tí á se ọbẹ̀ fún un, tí á fi oògùn rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí yìnyín bá ti bo ọ̀nà, olùtọ́jú á gbé ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sí ìdí òpó, á fi ẹsẹ̀ gun òkè. Awakọ̀ máa ń rí i. Á juwọ́ sí i kí ó tó yí ọkọ̀ padà, obìnrin náà á sì juwọ́ padà. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, yìnyín sì wà níbẹ̀.

Ní oṣù Kìn-ínní ọdún kan, ẹsẹ̀ olùtọ́jú yọ̀, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Odidi ọjọ́ méjì, ẹnikẹ́ni kò dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Búrẹ́dì gbígbẹ ló jẹ. Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, orí àga kan náà ló ṣì wà, aṣọ rẹ̀ ti tutù mọ́ ọn lára, ìtìjú sì pọ̀ ju ebi lọ lójú rẹ̀.

Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn arúgbó kọ̀wé. Wọ́n ní nítorí pé ilé náà kò ṣeé dé, kí wọ́n gbé ìyá náà lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú ńlá, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá náà ní òun kò lọ. Ó ní yàrá tí òun ń sùn ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti gbé òun jáde. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ti mú ọ̀bẹ.

Ilé búrẹ́dì ni awakọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, lẹ́nu olùtọ́jú tó so ọwọ́ kọ́ ọrùn. Inú bí i gidigidi, ara rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bínú sí. Ó lọ bá ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó títì.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kó yìnyín dé ẹnu ọ̀nà ìyá yẹn. Kò lè gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.”

Ọ̀gá ní, “Kì í ṣe ọ̀nà tiwa.”

“Ìyá yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà kì í ṣe tiwa ni?”

Ọ̀gá na ìka sókè. “Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó, àjà kejì nìyẹn. Àjà kìíní ni àwa.”

Lóòótọ́, ilé kan náà ni wọ́n wà. Àtẹ̀gùn ló pààlà wọn.

Yìnyín tún já bọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Awakọ̀ dé ìdí òpó, ó sì dúró. Ó ku ọdún márùn-ún kí ó fẹ̀yìn tì. Ó ní ìyàwó, ó ní orúkọ rere. Ó ro gbogbo rẹ̀ yíká, kò sì gbé irin sókè. Ó kó yìnyín lọ títí ó fi dé ẹsẹ̀ ilé ìyá náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ káàárọ̀, Màdáàmù. Ọ̀nà ti là o.”

Ìyá náà bi í láti inú ilé pé, “Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọlé wá mu kọfí. Àwọn tí wọ́n ń rán kì í dé ibí mọ́.”

Kí oòrùn tó mú, olùtọ́jú mìíràn ti wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Àárọ̀ mẹ́sàn-án ni awakọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kan sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń sọ gbogbo ibi tó bá dé fún ọ́fíìsì. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn sí i, wọ́n sì pè é síwájú ìgbìmọ̀.

Alága bi í pé, “Yìnyín ojú ọ̀nà ta ni o kó?”

“Ọ̀nà abúlé ni, sà.”

“Ọkọ̀ ta ni o fi kó o?”

“Ọkọ̀ yín ni. Òṣìṣẹ́ yín náà ni mo la ọ̀nà fún, torí ẹ̀yin lẹ rán an níṣẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ rán an ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ dí i lọ́nà ní ọwọ́ òsì.”

Ariwo sọ. Alága ní kí ó tọrọ àforíjì, àwọn yóò sì fa ìwé ẹ̀sùn náà ya. Awakọ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Ó ní, “Bí mo bá tọrọ àforíjì, ohun tí mo ń sọ fún ìyá yẹn ni pé àṣìṣe ni ọ̀nà tó dé ilé rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín sílẹ̀. N kò tọrọ.”

Obìnrin tí àwọn ará abúlé náà dìbò yàn dìde, ó béèrè iye ilé tó rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àwòrán títì wá láti àjà kìíní, kí wọ́n sì kó orúkọ àwọn arúgbó wá láti àjà kejì. Ọjọ́ náà ni ìwé méjèèjì kọ́kọ́ pàdé lórí tábìlì kan. Ilé mọ́kànlélógún ló wà lẹ́yìn òpó káàkiri àgbègbè náà. Wọ́n dìbò kí ilẹ̀ tó ṣú: ibikíbi tí ìgbìmọ̀ bá ń rán olùtọ́jú sí, kí ọkọ̀ yìnyín dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n fagi lé ìwé tí wọ́n kọ nípa Màdáàmù Selẹsitíìnì.

Wọn kò dárí ji awakọ̀. Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sídìí koríko gígé àti pátákó ojú ọ̀nà fífọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá kọ ìwé àforíjì ni yóò padà sí àyè rẹ̀. Ó gba kànìnkànìn àti ọṣẹ, ó fọ pátákó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò kọ ìwé kankan.

Ìwọ tí à ń pa àkàwé yìí fún, má jókòó síbẹ̀ kí o máa fi àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ìjọba ìbílẹ̀ fún ìwọ náà ní tábìlì. Láàárọ̀ yìí, bàbá kan gbé ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bá ọ, kí ọmọ náà lè wọ ilé ẹ̀kọ́. O wo ìwé náà, o rí i pé òótọ́ ni, o sì ní, “Bàbá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi nìyí, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé.” O tún dọ̀bálẹ̀ kí i nígbà tó ń lọ. Ìkíni kọ́ ló bá wá. Ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú kò jìnnà sí ọ ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, o kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé o ń tojú bọ iṣẹ́ oníṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n kọ̀wé sí ọ, kí wọ́n pè ọ́ ní alágídí. Bàbá náà kò tíì rìn jìnnà. Dìde, sáré bá a.