Iná Yèyé Adìẹ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ gbè é dáadáa. Àlọ́ yìí ní orin, èmi nìkan ò sì lè dá a kọ. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá pàrà, ó ró gbì. Kò bọ́ lé ọba lórí, kò bọ́ lé ìjòyè lórí. Ó yí gbirigbiri dé ìdí ààrò adìẹ arúgbó kan, ó sì bá Ìjàpá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ níbẹ̀.

Ní ìlú àwọn ẹranko láyé àtijọ́, iná kan ṣoṣo ló wà, ilé Yèyé Adìẹ ló sì wà. Yèyé ti dàgbà. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti re tán, ojú rẹ̀ kan ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e dé oko mọ́. Àwọn ọmọ tó bí, àṣá gbé òmíràn, òmíràn gba ìlú tó jìnnà lọ. Òun nìkan ló kù nínú ilé. Ṣùgbọ́n tó bá di ti iná, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú bíi tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò fi eérú bo ẹyin iná bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò fẹsẹ̀ wa eérú náà, yóò fẹ́ ẹ, fùú, fùú, iná yóò sì jí.

Ìgbà náà ni gbogbo ìlú yóò gbé àpáàdì, wọn yóò wá fọnná. Lóde òní, bí àlejò bá tètè dìde, a ó bi í pé, "Ṣé iná lo wá fọn ni?" Ní ìlú yẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá wá fọnná ní láti jókòó. Yóò mú ẹ̀là igi kan wá fún ààrò, yóò mú nǹkan ẹnu díẹ̀ wá fún Yèyé, àgbàdo kan tàbí orí iṣu. Yèyé yóò bi í léèrè ará ilé. Yóò parí ìjà fún ẹni tó ń jà. Yóò sọ fún ìyàwó tuntun pé igi tútù ló ń pa á lẹ́kún, kì í ṣe ìyá ọkọ.

Pẹ́pẹ́yẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Àgbàlagbà ni òun náà. Bó bá ti jókòó, ó di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì sọ lánàá ni wọ́n máa tún sọ, ibi tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí lánàá ni wọ́n máa tún rẹ́rìn-ín sí.

Ìjàpá ń wo gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe iná ló ń wò o. Àgbàdo ló ń wò. Orí iṣu ló ń wò.

Lọ́jọ́ kan, ó pe ìlú jọ, ó ń nu ojú.

"Ẹ̀yin ará mi, ṣé ojú ò tì wá? Arúgbó ń fẹ́ná, à ń jókòó, à ń wò ó! Èéfín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ Yèyé lójú. Bí iná bá jó o ńkọ́?"

Ewúrẹ́ ní, "Òótọ́ ni o."

Ọ̀bọ ní, "Àánú Yèyé ń ṣe mí."

"Ẹ jẹ́ kí Yèyé sinmi," Ìjàpá wí. "Èmi ni yóò máa tọ́jú iná. Ilé mi ni kí ẹ ti máa wá fọn ọ́n. Oúnjẹ Yèyé náà, ẹ kó o wá bá mi, màá máa gbé e lọ fún un."

Ìlú pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní Ìjàpá mà ti yí padà! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹnì kan gbọ́ ọ nínú yín pé wọ́n bi Yèyé? Èmi náà ò gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n wọlé dé. Yèyé ń ṣa igi wẹ́wẹ́ lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ jókòó, Yèyé. Ẹ má ṣe nǹkan kan mọ́."

"Kí ni mo ṣe yín?"

"Ẹ ò ṣe wá ní nǹkan kan. A fẹ́ kí ẹ sinmi ni."

"Ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Wọ́n kó iná, wọ́n kó igi. Eérú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Yèyé jí bó ṣe máa ń jí. Ó gbé àpótí sílẹ̀ fún Pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ ò dé. Oòrùn yọ, kò sẹ́ni tó dé. Ó yá, Ìjàpá yọjú, ó gbé àwo kan sẹ́nu ọ̀nà, ó ti jẹ ẹran tó wà lórí oúnjẹ náà tán lọ́nà.

"Ẹ jẹun, Yèyé. Ẹ máa sinmi."

Kí Yèyé tó dáhùn, Ìjàpá ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ yà kí Yèyé, Ìjàpá á dí ọ̀nà, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ó ń sùn o. Ẹ má dà á láàmú."

Ebi ò pa Yèyé. Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ebi. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó dáhùn, tó bá di ọjọ́ kẹta, ohùn ara rẹ̀ á máa bà á lẹ́rù. Ó dun Yèyé gan-an. Ó ní àṣé iná yìí ni wọ́n ń wá, àṣé kì í ṣe òun.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti mọ́ lára ò gbàgbé. Ó wa eérú, ó sì rí ẹyin iná kan nísàlẹ̀ pátápátá, kò ju wóró àgbàdo lọ. Àwọn tó kó iná ò mọ bí eérú náà ṣe jìn tó. Yèyé fẹ́ ẹ, ó bò ó mọ́lẹ̀, kò sọ fún ẹnì kankan. Láràárọ̀ yóò jókòó tì í, yóò máa pe àwọn tí kò wá mọ́ lórúkọ. Ẹ gbè é o:

Iná mi, má kú o,
*Jó díẹ̀díẹ̀.*
Ewúrẹ́ ń bọ̀ wá fọnná,
*Jó díẹ̀díẹ̀.*
Ọ̀bọ ń bọ̀ wá fọnná,
*Jó díẹ̀díẹ̀.*
Pẹ́pẹ́yẹ ń bọ̀ wá jókòó,
*Jó díẹ̀díẹ̀.*
Ilé tí kò ní èéfín,
*Jó díẹ̀díẹ̀.*
Ta ni yóò yà kí i o?
*Jó díẹ̀díẹ̀.*

Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ olè wa.

Ìjàpá ń jẹ àgbàdo, ó ń jẹ iṣu, ikùn rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n kò mọ iná í tọ́jú. Igi ńláńlá ló ń kì bọ̀ ọ́ látàárọ̀ dalẹ́, kò sì fi eérú bò ó rí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òjò ńlá kan rọ̀. Òrùlé Ìjàpá jò. Ṣìì! Iná kú.

Ìjàpá fẹ́ ẹ títí, kò jí. Òjò ń dá lọ, àwọn ará ìlú ò ní pẹ́ gbé àpáàdì dé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Yèyé, kó ní, "Ẹ bùn mí níná." Ó ní tóun bá tọrọ, ìlú á mọ̀. Ó ti rí èéfín tín-ín-rín lórí ilé Yèyé, ó sì yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ síbẹ̀. Yèyé jókòó, ó ń tòògbé. Ìjàpá tọwọ́ bọ eérú, ó já ẹyin iná náà gbà. Bó bá fi àpáàdì gbé e, wọ́n á bi í pé níbo ló ti fọn ọ́n. Ni ọlọ́gbọ́n bá fi ewé wé iná, ó kì í bọ àárín ọrùn àti igbá ẹ̀yìn rẹ̀!

Kò rìn jìnnà tó fi pàdé Ewúrẹ́ àti Ọ̀bọ.

"Ìjàpá, o kú òjò o. Yèyé ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ń sùn."

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹ... yéè! Ó jẹun."

"Kí ló ń ṣe ọ́ tó o fi ń jó?"

"Inú mi dùn ni."

"Èéfín ń jáde lọ́rùn ẹ," Ọ̀bọ wí.

"Àánú Yèyé ló ń... Yéè! Mo jóná o! Ẹ gbà mí!"

Ó sá kìjikìji, ó kó sínú àgbàrá. Ṣìì! Iná yẹn náà kú. Ìjàpá ń sunkún nínú ẹrẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kò sí iná mọ́ nínú gbogbo ìlú. Òtútù ń mú wọn, iṣu tútù wà nílé. Gbogbo wọn bá gbé àpáàdì, wọ́n kọrí sílé Yèyé, bóyá ẹyin iná kan ṣì kù nínú eérú rẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lè wò ó lójú.

"Yèyé, ẹ jọ̀wọ́," Ewúrẹ́ wí. "Ẹ bùn wá níná."

Yèyé wò wọ́n títí. Ó dìde lọ sídìí ààrò. Ọ̀bọ sáré síwájú.

"Ẹ jókòó, Yèyé, ẹ jẹ́ kí èmi wá a."

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò. Wàá pa á." Yèyé kọjú sí wọn. "Ṣé ẹ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́? Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi dé oko. Ẹ lọ wá igi gbígbẹ fún mi. Kí ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kó dí afẹ́fẹ́. Ìyókù, mo lè ṣe é. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ó wa eérú. Ó wa á lẹ́ẹ̀kan, ó wa á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò mọ iná mú kì í lè mú un tán: níbi tí Ìjàpá ti já a gbà, èérún kan ti bọ́, kò tó hóró ẹ̀gúsí. Yèyé fi ìhá gbígbẹ tó tètè ń gbaná tì í, ó fẹ́ ẹ, fùú, fùú. Iná jí.

Ìlú hó yèè! Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kánjú. Gbogbo wọn jókòó. Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í bu iná sí àpáàdì kọ̀ọ̀kan, ó ń pe olúkúlùkù lórúkọ. Ó bu tán, ó gbé orí sókè.

"Pẹ́pẹ́yẹ dà? Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé."

Ewúrẹ́ wo Ọ̀bọ, Ọ̀bọ wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Yèyé," Ewúrẹ́ wí, "ó di ọjọ́ kẹfà lónìí tí a ti sin ín. A ò fẹ́ da ìsinmi yín láàmú ni a ò ṣe sọ. Ó ń béèrè yín títí. Ìjàpá ní ẹ ń sùn."

Yèyé ò pariwo. 

"Mi ò sùn," ó wí. "Ibí ni mo jókòó sí. Mò ń pè é."

Láti ọjọ́ náà, iná ò kúrò nílé Yèyé mọ́. Wọ́n ń la igi fún un, wọ́n ń bá a tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, bí nǹkan kan bá sì ṣẹlẹ̀ nílùú, dídùn tàbí kíkan, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ fún. Ọrùn Ìjàpá tí iná jó ló hunjọ títí dòní, òun ló fi ń fà á wọlé tó bá gbúròó ẹsẹ̀.

Yèyé tún lo ọdún púpọ̀. Ilé rẹ̀ ń kún láràárọ̀. Síbẹ̀ kò sí àárọ̀ kan tó wa eérú tí kì í sún sẹ́yìn, kó gbé orí sókè, kó wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn adìẹ tó kù kọ́ ọ lára rẹ̀. Ẹ lọ wò ó lórí ààtàn lọ́la. Adìẹ á wa ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wa á lẹ́ẹ̀kejì, á sún sẹ́yìn, á gbé orí sókè. Wọ́n ní kòkòrò ló ń wá. Kì í ṣe kòkòrò. Ó ń wò bóyá Pẹ́pẹ́yẹ ń bọ̀ ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi rìn dé nìyí. Bí mo bá parọ́, kí adìẹ má wa ilẹ̀ lọ́la.