Eyín Ìjàpá àti Odò Tó Ń Gbọ́rọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba ọ̀nà odò lọ, ó bá Ìjàpá níbi tó ti ń fi eyín fọ́ egungun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà yẹn, Ìjàpá ní eyín. Ó funfun, ó pé, Ìjàpá sì máa ń yọ ọ́ síta káàkiri kí gbogbo ayé lè rí i.

Odò kan wà nígbà náà tó fẹ̀ débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ fò ó kọjá á kọ́kọ́ sinmi. Ọ̀nì ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ á gbálẹ̀ èbúté láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀nì á wá so màrìwò mọ́ ọn lọ́wọ́. Màrìwò yẹn ni àṣẹ. Ẹja tó tó ọbẹ̀ ilé rẹ̀ ló lè pa, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó lè pẹja láìgbálẹ̀, láìgba màrìwò, ni ọmọ tó ṣì ń mu ọmú àti arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká tán.

Ẹja àrọ̀ wá ń wu Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá. Ó ní kí ọkọ òun lọ gbálẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjàpá ní òun kọ́ ni wọ́n máa rí pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Kò lè ṣe bí ọmọ ọmú, irùngbọ̀n rẹ̀ ò ní jẹ́. Ó bá bu eérú sórí, ó mú ọ̀pá àti ìwọ̀, ó ká ètè bo eyín, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sódò.

Ẹtu àti Ehoro ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n yà fún un, wọ́n kí i ní bàbá. Inú Ìjàpá dùn. Ọ̀nì wò ó títí.

“Bàbá, ṣé eyín yín ti tán lóòótọ́?”

“Ó ti tán, ọmọ mi.”

“Èmi kọ́ lẹ máa sọ fún. Ẹ sọ fún odò. Ohun tí ẹ bá sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ló máa rí.”

Ìjàpá rò ó lọ́kàn pé omi ò kúkú létí. Ó bá gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Odò baba, mo ti darúgbó o.
*Omi, gbọ́ o.*
Eyín ẹnu mi ti ká tán.
*Omi, gbọ́ o.*
Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.
*Omi, gbọ́ o.*

Omi dúró. Ẹ gbọ́ mi o, omi tó ti ń ṣàn kí bàbá bàbá wa tó dáyé, ó dúró, kò mira. Ẹtu ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ara mi ń ṣe gììrì. Odò náà mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Ìjàpá ju ìwọ̀ sómi, ó gbé ẹja àrọ̀ tó sanra. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ahọ́n kan ẹnu, kò bá eyín kan níbẹ̀. Ó wo ojú omi, ó rí ọrùn rẹ̀ tó ti hunjọ. Ó fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó ní kí Ọ̀nì bá òun bẹ odò. Ọ̀nì ní ẹ̀rù odò ń ba òun náà.

Ìgbà tó fi máa délé, oòrùn ti ń wọ̀. Yánníbo jáde, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ọkọ mi ò sí nílé. Ó lọ sódò láàárọ̀, mi ò sì tíì rí i.”

Ìjàpá na ẹja náà sí i. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá ò fi léyín dòní, tí ọrùn ọmọ ìjàpá àti ọrùn àgbà ìjàpá fi hunjọ bákan náà, tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ èwo ni èwe nínú wọn.

Èbúté rèé, àlọ́ mi gúnlẹ̀. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí odò yẹn gba eyín mi. Ẹ wo ẹnu mi, ó pé. Ọ̀kan tí kò sí níwájú yìí, eegun ẹran ló yọ ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín.